Ìkòkò Ló Ṣáájú Ìlù: Ìtàn Ilé Oúnjẹ Nínú Àwọn Ọgbà Ìgbafẹ́ Amẹ́ríkà

Iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá là á jẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú: báyìí ni àwọn baba wa ṣe to oúnjẹ ní ipò-ipò, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ìpanu lásán pe oúnjẹ àjẹyó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti kó ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ sí àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ńláńlá tí ó wà ní Orlando tàbí Anaheim ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé Houston, Maryland àti Lọ́ńdọ́nù ti máa ń ṣe nígbà tí ilé-ìwé bá wà ní ìsinmi, yóò ti rí i pé ètò àwọn baba wa a máa dojú rú níbẹ̀, tí gúgúrú a di oúnjẹ ọ̀sán, tí áísìkirimù a sì di oúnjẹ alẹ́. Yóò sì ti rí i pẹ̀lú pé ohun tí í kọ́kọ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín bàbá àti ìyá kì í ṣe eré tí àwọn ọmọ yóò gùn, bí kò ṣe ilé oúnjẹ tí gbogbo ilé yóò wọ̀, pàápàá bí wọ́n bá ti ṣí òmíràn lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n lọ kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé eré ni olórí ohun tó wà nínú ọgbà wọ̀nyí, pé oúnjẹ kàn fara kọ́ ọ lẹ́yìn ni. Ìtàn kò bá wọn gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tú ọ̀rọ̀ náà dé ìdí yóò bá ebi àwọn ọmọ àti àárẹ̀ àwọn òbí níbẹ̀, yóò sì rí i pé níbi púpọ̀, ìkòkò ló ṣáájú, ìlù ló tẹ̀lé e.

Kí Amẹ́ríkà tó mọ irú nǹkan báyìí rárá ni Lọ́ńdọ́nù ti ní ọgbà Vauxhall, èyí tí Jonathan Tyers gbà ní ọdún 1729, tí ó sì sọ di ibi tí àwọn ọlọ́lá ti ń jẹun alẹ́ nínú àwọn àgọ́ kéékèèké tí a ya àwòrán sí lára, tí àtùpà ń tàn lórí igi, tí àwọn olórin sì ń kọrin. Ohun tí ayé rántí jùlọ nípa oúnjẹ ibẹ̀ ni itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláwàdà fi ń sọ pé bí ọwọ́ agẹ́ran bá dá ṣáṣá, itan kan ṣoṣo tó tẹ́ gbogbo ilẹ̀ ọgbà náà já. Ọ̀wọ́n oúnjẹ inú ọgbà ìgbafẹ́, tí àwọn baba ọmọ ń pariwo rẹ̀ lóde òní, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Vauxhall kógbá sílé ní 1859. Ṣùgbọ́n Tivoli, èyí tí Georg Carstensen ṣí ní Copenhagen ti ilẹ̀ Denmark ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1843, wà níbẹ̀ títí di òní, tòun ti àwọn ilé oúnjẹ rẹ̀.

Etí òkun Coney Island, ní Brooklyn ti ìlú New York, ni ọ̀ràn yìí ti kọ́kọ́ kan mẹ̀kúnnù. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Charles Feltman, ti ń ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ kiri níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1867, ó ń ta sọ́séèjì gbígbóná tí a fi búrẹ́dì gígùn dì mú, kí oníbàárà má baà wá àwo tàbí ọ̀bẹ kiri. Kẹ̀kẹ́ náà di ìsọ̀, ìsọ̀ di ilé, ilé sì di àgbàlá ńlá tí ilé oúnjẹ bíi mélòó kan wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin Júù kan láti Poland, Nathan Handwerker, wá gbaṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa la búrẹ́dì. Ní 1916 ó kúrò níbẹ̀, ó gba ìsọ̀ tirẹ̀, ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ń tà ní sẹ́ǹtì mẹ́wàá, òun ń ta á ní márùn-ún. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ fura, nítorí ẹran tó pọ̀jù lọ́pọ̀ a máa kọ ìyá ọlọ́mọ lóminú. Wọ́n sì máa ń sọ ọ́ ní ìtàn pé Handwerker wọ aṣọ funfun dókítà fún àwọn ènìyàn kan, ó ní kí wọ́n dúró síwájú ìsọ̀ òun kí wọ́n máa jẹun, kí àwọn tí ń kọjá lè wí pé ohun tí dókítà ń jẹ kò lè pa ọmọ àwọn. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ìlú dé etí òkun náà ní 1920, tí owó ọkọ̀ jẹ́ sẹ́ǹtì márùn-ún, alágbàṣe lásán lè kó aya àti ọmọ lọ, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n ṣeré, kí wọ́n sì jẹun, láì jẹ gbèsè.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń yí. Steeplechase, Luna Park àti Dreamland ni orúkọ àwọn ọgbà eré mẹ́ta tó sọ Coney Island di ohun tí gbogbo ayé ń pọ́n lé. Dreamland jóná ní 1911, iná mú Luna Park ní 1944, Steeplechase ti ilẹ̀kùn ní 1964. Àgbàlá Feltman náà ti wọlẹ̀ ní 1954, kí Steeplechase tó ti ilẹ̀kùn. Ìsọ̀ Nathan, ọmọ tó ń la búrẹ́dì, ni kò tíì kúrò ní igun òpópó tí ó wà.

Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ẹ̀rí tí kò ní àríyànjiyàn, kí ó kọjá sí ìwọ̀ oòrùn, sí ìpínlẹ̀ California, kí ó béèrè Cordelia Knott ní Buena Park. Cordelia a-sè-má-ṣahun, obìnrin tó fi àwo ìgbéyàwó gba àlejò, ìyá tó bọ́ èrò tí èrò fi di ìlú! Àgbẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, Walter. Ní 1920 ni wọ́n wá sí Buena Park láti dá oko èso bẹ́rì lórí ilẹ̀ tí wọ́n yá. Ìsọ̀ kékeré kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ti ń ta èso náà, Cordelia sì ń ṣe jáàmù àti páì síbẹ̀. Ọ̀dá owó tó bẹ̀rẹ̀ ní 1929 wá dé bá gbogbo Amẹ́ríkà, ọwọ́ gbogbo ènìyàn ò ká nǹkan, ọjà oko kò sì lówó lórí. Ní àkókò yẹn ni Walter gbọ́ nípa igi èso kan tí Rudolph Boysen, ọkùnrin kan ní Anaheim, ti gbìn tí ó sì ti fi sílẹ̀. Igi náà ti ń kú lọ sáàárín èpò. Walter lọ wú u, ó tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú abíkú, igi yè, ó so èso ràbàtà, Walter kò sì gba orúkọ lọ́wọ́ olórúkọ: boysenberry ni ó sọ ọ́, ìyẹn náà ni gbogbo ayé ń pè é títí di ìsinsìnyí.

Èso dára, ṣùgbọ́n èso nìkan kò tó bọ́ ilé. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Cordelia mọ èyí, ó sì mọ̀ pé ebi tó ń pa òun àti àwọn tirẹ̀ ń pa àwọn tí ń wa ọkọ̀ kọjá lójú ọ̀nà pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 1934, ó dín adìyẹ, ó se ànàmọ́ gígún àti omi ọbẹ̀ rẹ̀, ó yan bísíkíìtì rírọ̀, ó fi páì èso náà kádìí rẹ̀. Ó kó àwo tánganran tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ jáde, ó sì gbé oúnjẹ ka iwájú àlejò mẹ́jọ, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn san sẹ́ǹtì 65. Èmi kò mọ ilé oúnjẹ mìíràn tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí òpin rẹ̀ sì tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ìròyìn oúnjẹ kì í fẹsẹ̀ rìn, ẹnu ni í gùn: kò pẹ́ tí àwọn ará Los Angeles fi ń wa ọkọ̀ wá ní ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìjọsìn, bàbá, ìyá, ìyá àgbà àti ọmọ, tí ìlà àwọn tí ń dúró de àyè fi gùn kọjá ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n fi ń dúró fún wákàtí mẹ́ta.

Níbi ìdúró yìí gan-an ni ọgbà ìgbafẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Walter wòye pé àgbàlagbà lè fara da ìlà, ọmọdé kò lè ṣe é. Ọmọ tí ebi ń pa, tí oòrùn sì ń pa, yóò sunkún títí bàbá yóò fi wa ọkọ̀ padà sílé. Ó kọ́kọ́ kọ́ ọgbà olókùúta, ó ṣe kẹ̀kẹ́ tí omi ń yí, ó ṣe òkè kékeré kan tí ń rú èéfín bí òkè oníná. Nígbà tó di 1940 ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ odindi ìlú ahoro kan, irú èyí tí àwọn awakùsà wúrà fi sílẹ̀ lọ ní ayé ìgbà tí àwọn baba ńlá rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ ẹrù oníbòrí la aṣálẹ̀ wá sí California. Ó ń ra ilé onígi àtijọ́ kiri, ó ń tú wọn palẹ̀, ó ń tún wọn tò sórí oko rẹ̀. Ẹni tó bá ti gba nọ́ńbà oúnjẹ a lọ máa rìn nínú ìlú náà títí wọn yóò fi pè é. Ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Ọdún 1968 ni wọ́n tó sọgbà yí i ká tí wọ́n sì ń gba owó ìwọlé. Ẹni tó bá ní eré ló bí oúnjẹ, kí ó dá mi lóhùn lórí èyí.

Ìtòsí oko Knott yìí, ní Anaheim, ni Walt Disney wá gbé Disneyland kalẹ̀ sí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ibi tí èrò náà ti wá: ó ń kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì lọ gun ẹṣin onígi ní Griffith Park ní Los Angeles, àwọn ọmọ ń yí, òun jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ ẹ̀pà, kò sì rí ohun mìíràn tí bàbá lè ṣe níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ibi tí àwọn méjèèjì yóò ti jọ gbádùn ló ń wá kiri, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí ó fi lọ wo Tivoli ní 1951, ọgbà tí àgbàlagbà ti lè jókòó jẹun bí ọmọlúàbí nínú ìmọ́tótó àti òdòdó.

Ọjọ́ ìṣílé Disneyland, ọjọ́ 17 oṣù Keje 1955, kò bá èrò yìí mu rárá. Àwọn kan ti tẹ tíkẹ́ẹ̀tì ayédèrú, èrò pọ̀ ju àwọn tí a pè lọ fíìfíì, oúnjẹ tán, ohun mímu tán. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi ti daṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú, Walt sì ní láti yàn nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ṣiṣẹ́ àti omi mímu tó ń ṣàn; ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni ó yàn, ọgbọ́n sì ni. Owó kò tó o kọ́ gbogbo ilé oúnjẹ, nítorí náà ó yá àwọn ilé iṣẹ́ olóúnjẹ láyè kí kálukú wá fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìsọ̀: Swift tó ń pa ẹran ló dúró ti Red Wagon Inn, àwọn tó ń ta ẹja inú agolo ló ní ìsọ̀ inú ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́ṣà, ilé iṣẹ́ Frito ló ní Casa de Fritos. Wọ́n ní ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn tí ń gbé ọjà wá ti rí i tí wọ́n ń da tortilla àná nù, tí ó sì gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n dín in, kí wọ́n fi èròjà sí i. Ìpanu Doritos tí ó di ọjà gbogbo Amẹ́ríkà ní 1966, inú ìsọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ yẹn ló ti jáde.

Walt kò fẹ́ ọtí láàárín àwọn ọmọ, àwọn arọ́pò rẹ̀ sì pa àṣẹ náà mọ́ pẹ́: yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ aládàáni Club 33, kò sí ibi tí a ti ń ta ọtí fún àlejò ní Disneyland àkọ́kọ́ títí di 2019. Ó kú ní oṣù Kejìlá 1966, kò rí ìṣílé ilé oúnjẹ Blue Bayou ní 1967. Mo ka ilé oúnjẹ yìí sí àgbà iṣẹ́. Inú ilé kan náà pẹ̀lú eré àwọn ọlọ́ṣà orí omi ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ènìyàn wọlé ní ọ̀sán gangan, ó bá òru níbẹ̀, fìtílà ń tàn lórí tábìlì, ọkọ̀ àwọn tó ń ṣeré sì ń yọ́ kọjá lórí omi níwájú àwo oúnjẹ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ilé oúnjẹ ti di ara eré fúnra rẹ̀, gbogbo èyí tí wọ́n sì ń kọ́ ní tuntun lónìí, títí kan ilé oúnjẹ Harry Potter tí Universal ṣí ní Orlando ní 2010 tí àwọn ọmọ ti ń tò fún ohun mímu aláìlọ́tí tí wọ́n ń pè ní Butterbeer, ẹ̀yìn Blue Bayou ni wọ́n ń tọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá wí pé ilé oúnjẹ kan wà fún ìdílé, ó tọ́ kí àwa tí a jẹ́ aláwọ̀ dúdú béèrè pé, ìdílé ta ni? Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, ẹnubodè ọgbà ìgbafẹ́ kò ṣí fún ọmọ aláwọ̀ dúdú rárá, ká tó sọ pé yóò jókòó ti tábìlì níbẹ̀. Nínú lẹ́tà tí Martin Luther King kọ láti inú ẹ̀wọ̀n Birmingham ní oṣù Kẹrin 1963, ó sọ bí ahọ́n òun ṣe lọ́ tí ọ̀rọ̀ kò sì yọ nígbà tí ọmọbìnrin òun ọlọ́dún mẹ́fà, tó rí ìpolówó ọgbà Funtown lórí tẹlifíṣọ̀n, ń béèrè ìdí tí òun kò fi lè lọ síbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Howard University kọ́wọ̀ọ́ rìn níwájú Glen Echo, nítòsí Washington, ní gbogbo ìgbà ooru 1960 kí ọgbà náà tó gbà ní ọdún tó tẹ̀lé e. Gwynn Oak ní Baltimore kò ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn àfi ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ 1963, ọjọ́ kan náà tí King ń bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ̀rọ̀ ní Washington. Ní Disneyland nígbà yẹn, ilé oúnjẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Aunt Jemima's Pancake House, níbi tí obìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Aylene Lewis ti ń wọ gèlè àti aṣọ ìránṣẹ́bìnrin ayé ẹrú, tí ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ọmọ tí ó sì ń bá wọn ya fọ́tò. Ìwà rẹ̀ tutù, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀wù tí wọ́n wọ̀ fún un ni kò bójú mu. Ọdún 2020 ni ilé iṣẹ́ tó ni orúkọ náà tó gbà pé àwọn yóò pa á rẹ́.

Ní Florida, níbi tí ilé iṣẹ́ Disney ṣí ọgbà Magic Kingdom sí ní oṣù Kẹwàá 1971, àwọn ilé oúnjẹ wá di ọ̀wọ́. Èyí tó wà nínú ààfin Cinderella ni àwọn ọmọbìnrin ń sunkún jù lé lórí. King Stefan ni wọ́n kọ́kọ́ sọ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni Stefan kì í ṣe bàbá Cinderella, bàbá ọmọ ọba mìíràn nínú ìtàn mìíràn ni. Ọdún 1997 ni wọ́n tó tún orúkọ náà ṣe, ẹ̀rín sì ni ó máa ń pa mí. Ọgbà EPCOT ṣí níbẹ̀ ní 1982 pẹ̀lú àwọn ilé oúnjẹ oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Àgbà alásè mẹ́ta ilẹ̀ Faransé, Paul Bocuse, Roger Vergé àti Gaston Lenôtre, ló gbé ti Faransé kalẹ̀, kò sì sí ẹni tó retí irú wọn láàárín eku elétí ńlá àti ọmọ tó ń yọ eyín. Wọ́n ṣèlérí àgọ́ fún Áfíríkà náà, tó bẹ́ẹ̀ tí Alex Haley tó kọ ìwé Roots fi sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ètò tẹlifíṣọ̀n ìṣílé, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ọ. A dúró títí di 2001, nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì Animal Kingdom Lodge ṣí pẹ̀lú Boma, ilé oúnjẹ tí kálukú ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ bù: bobotie ti Gúúsù Áfíríkà wà níbẹ̀, àti àdídùn abilà tí wọ́n ń pè ní Zebra Domes. Orúkọ Áfíríkà tóbi ju ohun tó wà lórí tábìlì yẹn lọ, èrò tèmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́, kò sì sí ilé oúnjẹ tó gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ra bí èyí tí ó ti lè rí oúnjẹ kí ó tó yàn án, tí kò ní dúró de agbáwo, tí bàbá kò sì ní sanwó ohun tí ọmọ kọ̀.

Nísinsìnyí, Disney ń jẹ́ kí ènìyàn gba àyè sílẹ̀ fún ọgọ́ta ọjọ́ ṣáájú, láti 2017 sì ni ó ti ṣeé ṣe láti fi fóònù béèrè oúnjẹ kí ènìyàn tó dé ìsọ̀. Ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, kí ó fi èyí ṣe ọgbọ́n: ilé oúnjẹ tuntun tí gbogbo ènìyàn ń pariwo rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí àwọn ọmọ yóò wà àti ohun tí wọn yóò máa wò nígbà tí oúnjẹ kò tíì dé, kí ó tó béèrè ohun tó wà nínú ìkòkò, ohun tí Walter Knott rí ní iwájú ìlà aya rẹ̀ nìyẹn, kò sì tíì yí padà. Bí ọ̀nà yín bá sì gba Buena Park, ilé adìyẹ díndín Cordelia wà níbẹ̀ síbẹ̀, lóde ẹnubodè ọgbà náà. Kò sí ẹni tí yóò béèrè tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ yín kí ẹ tó wọlé jẹun.